Ìdí Tí Bàbá Mi Fi Jókòó Lé Àpótí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ kò lè wá síbi tí mo pè yín sí "owing to unforeseen circumstances". Ẹ ó wá rí ohun tí n ó fi ìwé náà ṣe. Àwọn ọmọ mi mọ̀ mí dáadáa, wọn kì í dán irú rẹ̀ wò. Bí òjò ló dá ọ dúró, wí pé òjò ni. Bí oorun ló gbé ọ lọ, wí pé oorun ni, Ọlọ́run á dárí jì ọ́, èmi náà á sì gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ jọ, kó fi bo ìdí ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí ológbò ṣe ń fi iyẹ̀pẹ̀ bo ìgbẹ́ rẹ̀, họ́wù! N kò gbà. Kì í ṣe pé mo le ju ẹlòmíràn lọ. Ọkùnrin kan ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Ìlá, nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọge. Ọkùnrin kejì, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ló sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Àwọn ọmọ ya bo ilé-ìwé bí eṣú, tíṣà kò sì tó. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà jáde, wọ́n fa kíláàsì kìíní lé mi lọ́wọ́ ní ilé-ìwé ìjọ wa: ọmọ ọgọ́ta, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì mọ bí wọ́n ti ń nu imú ara wọn. Mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, àgbà ìjọ ni, nínú ìlú. Bàbá àti ìyá mi wà ní abúlé wa lójú ọ̀nà Ọ̀rà, níbi tí wọ́n ti ń gbin iṣu àti obì. Àwa obìnrin méjì ni ìyá mi bí. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú sí Òkè Ọya, nílé ọkọ rẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé rárá.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọmọ Ìgbájọ ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, tí ṣòkòtò péńpé kákí rẹ̀ máa ń le gbagidi bí ẹni pé kì í jókòó. Ó fẹ́ràn kí ènìyàn sọ ìdí ọ̀rọ̀ ju bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran lọ. Ó ní ọjọ́ kan tó kó gbogbo àwa tíṣà kéékèèké jọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó to oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ń gbà sọ pé "nítorí" sójú pátákó. Ó ní "because of", ti ẹnu ojoojúmọ́ nìyẹn, ọmọdé lè sọ ọ́, àgbà lè sọ ọ́. "In view of" ni ti ẹni tó ti wo ọ̀rọ̀ yípo kó tó la ẹnu. "Thanks to" la fi ń yin ìdí tó bá ṣe wá lóore. "Owing to" sì ni ti ìwé sí ọ̀gá. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì lu pátákó. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ohun yòówù tí ẹ bá kọ tẹ̀lé e, kó jẹ́ ohun tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Òjò ṣe é tọ́ka sí. Ikú ṣe é tọ́ka sí. 'Unforeseen circumstances' kò ṣe é tọ́ka sí, torí náà n kò fẹ́ rí i nínú ìwé ẹnikẹ́ni nílé-ìwé yìí." Gbogbo akọ̀wé tó wà ní Ìlá ló sì ń kọ ọ́ nígbà náà!

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ìlú máa ń wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé kó bá wọn kọ̀wé sí àwọn ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi, ọ̀fẹ́ ló sì ń kọ ọ́. Kò ní gbé kálàmù títí tí yóò fi bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta pé nítorí kí ni. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ìyá àgbàlagbà kan ní kó kọ ọ́ sí ọmọ òun pé kó wá sílé.

"Nítorí kí ni, Màmá?"

"Nítorí pé ilé ń jò."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ẹ̀yìn ń dun bàbá rẹ̀, kò lè gun òrùlé mọ́."

"Nítorí kí ni, Màmá?"

Ìyá náà wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Àárò rẹ̀ ń sọ mí."

"Ó dáa," ni ọ̀gá wa wí, ó sì gbé kálàmù. Ẹnu yà mí. Látọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọkùnrin yìí bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́.

Mo fẹ́ di tíṣà gidi bí tirẹ̀. Tíṣà tí kò bá lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí àlejò ló rí nílé-ìwé. Ọjọ́ tí oníwèé-ẹ̀rí bá dé ni wọ́n ń sọ fún un pé ó dàbọ̀. Mo ṣe ìdánwò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ tíṣà, ní ìlú kan tó kọjá Òṣogbo. Mo yege. Ìwé dé pé kí n wá fún íńtáfíù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Inú mi dùn débi pé mo jó fún àwọn ọmọ ọgọ́ta yẹn, àwọn náà bá mi jó láìmọ ohun tó fa ijó.

Mo di àpótí páànù mi, mo lọ sí abúlé lọ́jọ́ Sátidé kí àwọn òbí mi lè gbàdúrà fún mi. Bọ̀lẹ́kájà kan máa ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ni n ó wọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ìyá mi gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá mi ń bó obì, ó ní òun gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jáde láti ilé ìwẹ̀, mo bá bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó lé àpótí mi.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀."

"Bàbá, mọ́tò ò ní í pẹ́ dé."

"Mo gbọ́."

Kò mira. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ọmọ wo ló máa wí fún bàbá rẹ̀ pé kó dìde nílẹ̀? Ìyá mi wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà kò wí i. A gbọ́ mọ́tò láti òkèèrè. Awakọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta lójú títì, ó dúró díẹ̀, ó sì lọ. Ìgbà tí ariwo rẹ̀ tán pátápátá ni bàbá mi tó dìde, ó mú àdá àti ọkọ́, ó gba ọ̀nà oko lọ. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wí i bó ṣe rí. Iyán tí ìyá mi gún, n kò lè fi kan ẹnu. Àwọn ará abúlé ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá ó ti fi mí fún ọkọ kan ni, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, torí kò fún wa ní ìdí kan tí a ò bá gbà.

Mo padà sí Ìlá kí n lọ kọ̀wé sí pírínsípà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, òyìnbó obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí jókòó. Ó ní, "Gbọ́ o. Má ro ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ àgbà, tó wá ń to àlàyé sílẹ̀, àwíjàre ló ń ṣe. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe, òyìnbó yìí kò tilẹ̀ ṣìkà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa ní Ìlá. Kí ọmọ má ṣàlàyé, kó kúnlẹ̀ ná. Kí n má purọ́, ara tù mí pẹ̀lú, torí báwo ni n ó ṣe fi ẹjọ́ bàbá mi sun òyìnbó? Ni mo bá kọ ojú ewé méjì tó kún fún ẹ̀bẹ̀. Mo ní mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, mo fi Jésù bẹ̀ wọ́n, mo fi inú ìyá tó bí wọn bẹ̀ wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òun kò tíì rí ìwé tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Pírínsípà ní mo tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀meje, n kò sì sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ìdí tí n kò fi wá. Ó ní òun kò lè ṣe ohunkóhun láìmọ ìdí. Bí ìdí bá tẹ òun lọ́wọ́ kí oṣù tó parí, òun yóò rò ó bóyá n ó bá àwọn tó kù wá fún íńtáfíù kejì. Bí kò bá tẹ òun lọ́wọ́, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè mi. Mo kà á lójú kan náà lẹ́nu ọ̀nà pósítọ́fíìsì, oòrùn ń pa mí, n kò mọ̀.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní kí n mú ẹ̀dà ohun tí mo kọ wá. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀meje! Áà, Mísì! Kí ni inú ìyá ẹni ẹlẹ́ni ń wá nínú ọ̀rọ̀ íńtáfíù?" Ojú tì mí, inú sì bí mi. Nígbà tó rí ojú mi, ó dẹ́kun ẹ̀rín.

"Wò ó," ó ní, "kò sí ẹni tó ṣe aburú nínú ẹ̀yin méjèèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣẹ̀ á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó dìde tán, wọn a bi í, ìgbà náà ni yóò tó rojọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìdí tí o bá sọ ni ìdọ̀bálẹ̀ rẹ. Ó ń dúró kí o sọ̀rọ̀, ìwọ ń dúró kó ní kí o dìde. Ẹ ó dúró bẹ́ẹ̀ títí oṣù yóò fi parí." Ó mú kálàmù. "Ó yá. Nítorí kí ni o kò fi lọ?"

"Owing to unforeseen circumstances, sà."

Ọkùnrin yìí na tábìlì! "Ta ni kò rí i tẹ́lẹ̀? Ìwọ ni? Ìyá rẹ ni? Nítorí kí ni?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ara mi kò yá, sà."

"O fẹ́ fi ẹnu ara rẹ pe àìsàn? Bó bá jẹ́ ọ ńkọ́?" Mo rántí pé mo tilẹ̀ fi ọwọ́ kan àyà mi. "Nítorí kí ni, Mísì?"

Ẹkún ló bọ́ lẹ́nu mi ṣáájú ọ̀rọ̀. "Bàbá mi jókòó lé àpótí mi."

Ó fi kálàmù sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nítorí kí ni ó fi jókòó lé e?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní n kò bi í, ọmọ kì í bi bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Nígbà náà a kò tíì rí ìdí," ó wí. "Àpótí lásán la rí. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ìwọ ń lọ sóko."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra lọ́jọ́ Sátidé, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ torí kò fẹ́ kí n máa sáré tẹ̀lé òun. Abẹ́ igi obì iwájú ilé la ti bá bàbá mi, ó fi ọ̀bẹ ń bó obì sínú agbọ̀n, ìyá mi wà lẹ́bàá ààrò. Ṣé ẹ rántí ṣòkòtò kákí tó le gbagidi yẹn? Ọ̀gá wa gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Áà, Tíṣà, ẹ dìde, ẹ dìde," bàbá mi wí, "ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí." Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni bàbá mi ń sọ, èdè ìwé ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹ lè gbọ́ mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn tán, tí ìyá mi ti bu omi fún wa mu, ọ̀gá wa fa ìwé pírínsípà yọ, ó sì túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Ìdí ló fẹ́ mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò bínú?"

"Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni." Ọ̀gá wa lóṣòó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ọmọ yín ni mí, ẹ má jẹ́ kí n ṣẹ̀ yín. Nítorí kí ni?"

Bàbá mi ń bó obì lọ. "Ọ̀nà jìn."

"Ó jìn lóòótọ́. Nítorí kí ni, Bàbá?"

"Obìnrin ni."

"Obìnrin ni, sà. Nítorí kí ni?"

Bàbá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Èyí tó lọ ṣáájú rẹ̀ kò bọ̀."

Mo gbọ́ nǹkan tó já bọ́ lẹ́bàá ààrò. Ìyá mi ni, igbá ìpọnmi ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ìgbà kìíní nìyẹn tí ẹnikẹ́ni á sọ̀rọ̀ kàn án nínú ilé yẹn.

"Èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ lọ sójú títì," bàbá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀gá wa ló ń bá sọ̀rọ̀, kò wò mí. "Èmi fúnra mi. Mo tún bá a gbé e sókè mọ́tò. Ọdún kejì, ìwé dé láti Òkè Ọya. Wọ́n ní ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Wọn kò sọ ohun tó pa á. Bóyá ibà ni, bóyá ọmọ ló fẹ́ bí, wọn kò sọ ọ́. Mo gbé ìwé yẹn fún akọ̀wé mẹ́ta kà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé bóyá ẹni àkọ́kọ́ fo ibì kan. Kò sí ẹni tó rí ìdí níbẹ̀. Ó wà lókè àjà di bá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, èmi tí mo ti sọ fún ìdajì Ìlá pé bàbá mi fẹ́ fi mí fún ọkọ tipátipá.

"Òyìnbó yẹn gbọ́n," bàbá mi wí nígbà tó yá. "Ìwé tí kò bá sọ ìdí kò yẹ kó jáde nílé ènìyàn." Ó wá kọjú sí mi. "Gbé ìwé rẹ jáde. Kọ ọ́ pé èmi ni."

"Bàbá, n kò lè ṣe é. N kò lè fi ẹjọ́ yín sun ẹnikẹ́ni."

"Irọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ǹjẹ́ kọ ọ́."

Kò sí tábìlì lóko. Àpótí páànù kan náà ni mo gbé jáde, mo kúnlẹ̀ tì í, mo tẹ́ ìwé lé e. Ọ̀gá wa dúró lẹ́yìn mi. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "through my father" ni n kò fi lè wá, ó sì fi ìka lé e. Ó ní, "Èyí ti dá a lẹ́bi. Ṣé o fẹ́ dá a lẹ́bi?" Bó bá bi mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, n ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá, sà. Mo kọ "because of". Ó mi orí. Ó ní, "Bí ẹni pé ìwọ àti ọmọ ẹlòmíràn ń jà lójú omi." Ó wá ní kí n kọ "owing to my father", ó ní èyí tọ́ka sí i láìna ìka sí i lójú. Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ti ẹ̀gbọ́n mi, ti ìwé tí kò sọ ohun tó pa á, àti ti mọ́tò tó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. N kò bẹ pírínsípà níbì kankan. Nígbà tí ọ̀gá wa túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi, bàbá mi ní òun fẹ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wa ta tàdáwà díẹ̀ sí àtàǹpàkò rẹ̀, bàbá mi sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé náà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́.

A ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà kí ọ̀gá wa tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń bá ènìyàn kọ̀wé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń ní kí n kọ síbi ìdí. N kò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n kọ òun síbẹ̀." Ó bọ́ fìlà, ó sì ń fi í fẹ́ ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò já geere, ṣùgbọ́n n kò wojú rẹ̀, torí ọ̀gá mi ni.

Èsì dé kí oṣù tó parí. Wọ́n ní kí n wá. Mo sáré lọ sóko lọ sọ ọ́, bàbá mi sì ní òun náà ń lọ. Ìyá mi bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn obìnrin oníwèé. Ó ní, "Wọ́n ti dárúkọ mi nínú ẹjọ́. Kí wọ́n wá pè mí, kí n má lè jẹ́?" Ọkùnrin tí kò rìn kọjá Ọ̀tan rí láyé rẹ̀! Nígbà tí ọjọ́ kò, òun fúnra rẹ̀ ló ru àpótí náà lọ sójú títì. Ó di igi ẹ̀gbẹ́ bọ̀lẹ́kájà mú láti abúlé wa dé Òṣogbo, kò jẹ, kò mu.

Nígbà tí a dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kọ̀ láti wọlé. Ó ní abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì ti tó òun, bí wọ́n bá fẹ́ òun, kí wọ́n pe òun. Mo wọlé. Obìnrin òyìnbó náà kò dàgbà tó bí mo ṣe rò. Ìwé mi wà níwájú rẹ̀, mo rí àtàǹpàkò bàbá mi lórí tábìlì ńlá yẹn, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ó bi mí ní ìṣirò, ó ní kí n ka Bíbélì sókè, mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá ẹ̀rù ṣì ń ba bàbá mi. Mo ní, "N kò mọ̀, mà. Ó wà níta."

"Níta ibo?"

"Lábẹ́ igi máńgòrò, mà. Ó ní bóyá ẹ ó fẹ́ rí òun."

Ó dìde kíá, ó mú ìwé náà dání, ó pe tíṣà obìnrin kan kó wá túmọ̀. Bàbá mi rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, ó nàró, ó ṣí fìlà. Kí n tó lè sọ pé òun nìyí, ó dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà tó ti hu ewú, fún obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. N kò rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin rí, n kò sì tún rí i mọ́ títí ó fi kú. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè kí obìnrin náà lè fi wé èyí tó wà nínú ìwé.

"Èmi ni ìdí ọ̀rọ̀ náà," ó wí. "Èmi ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Tíṣà obìnrin náà kò tètè lè túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀ tán, pírínsípà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di bàbá mi lápá, ó gbé e dìde. Ó ní kó bèèrè ohunkóhun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ òun. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi bèèrè, ó ní ọjọ́ wo ni wọn yóò dá mi padà fún òun. Wọ́n sọ ọjọ́ tí ìsinmi àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọjà Ìlá kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó kà á títí, ó ní ó yé òun.

Mo lo sáà kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo kọ̀wé sílé lóṣooṣù, ọ̀gá wa ló ń bá wọn kà á, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì ti ń sọ bí ara mi ṣe wà àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi pé. Bọ̀lẹ́kájà gbé mi dé ojú ọ̀nà abúlé wa ní ìrọ̀lẹ́, mo sì rí bàbá mi níbẹ̀, ó ti wọ dàńṣíkí tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti àárọ̀ ìjẹta ló ti ń wá dúró, bóyá òun ṣi ọjà kà.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán. Ó gba àpótí lórí mi, mo rò pé yóò rù ú, ṣùgbọ́n ó gbé e kalẹ̀ sẹ́bàá títì, ó sì jókòó lé e. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mọ́tò ti lọ, ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ìyá mi ń dúró nílé.

Mo ní, "Bàbá, nítorí kí ni ẹ fi jókòó?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Àwáwí gbáà ni. Ṣùgbọ́n n kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì dúró títí ó fi fẹ́ dìde.